Mo Ní Kí Ẹ Pa Á Mọ́

Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí! Ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí, Ìyá Afínjú, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí, mo sì ti gbé e mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Oorun ò kùn mí, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ, ọkọ mi bi mí láàárọ̀ yìí pé ta ló kú, mo ní kò sẹ́ni tó kú, ó ní kí ló wá dé tí mo fi ń bá ìkòkò jà ní kíṣìnnì. Ẹ̀yin lẹ fà á! Ẹ kàn jókòó síbí, ẹ na ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́, ẹ ò bú mi, ẹ ò ṣépè fún mi, ẹ ò ránṣẹ́ ìjà sí mi, kí lẹ fẹ́ kí n fi ìyẹn ṣe? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọlàkejì nìyẹn?

Rárá o, mi ò jókòó. Ẹ ṣeun, mi ò mu omi. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè di ife mú, ẹ̀yin lẹ fẹ́ bu omi fún mi? Ẹ má dìde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dìde! Mi ò wá ṣeré. Ẹ jẹ́ n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ kí ọkàn mi má bàa pa dà lẹ́yìn mi, torí pé láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yín dé ẹnu ọ̀nà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí pa dà, obìnrin tó ń sáṣọ nísàlẹ̀ ti ń ká aṣọ ẹ̀ kúrò lórí okùn, ó rò pé olè ni mí.

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń yìn yín. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Oníkọ́kọ́rọ́, o ò tiẹ̀ rí bí ìyá yẹn ṣe gba kámú." Kámú! Ta ló ní kí ẹ gba kámú? Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ kàn, ṣebí ariwo ló yẹ kó pa? Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní mo mu tíì tí ọ̀gá gbé kalẹ̀, ṣé ẹ rò pé òpópónà yìí á gbà mí? Màá ti bọ́ gèlè dà nù. Màá ti fi ara gbolẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin, ẹ sọ́rí kọ́, ẹ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ kí mi pé "Ó dàárọ̀ o" lẹ́nu ọ̀nà. Ó dàárọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ò ní dé ibẹ̀ mọ́ láàárọ̀!

Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, orí ìgò yẹn ni kó lọ wà. Ẹ jẹ́ n ti ibi ìgò bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n sọ ọ́, torí tí mi ò bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, màá fo ibi tó dùn mí jù, mo mọ ara mi.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ṣọ́ yàrá kẹ́míkà yẹn. Gbogbo ìgò tó wà níbẹ̀, mo mọ ìwà wọn ju bí mo ṣe mọ ìwà àna mi lọ. Èyí tó ń jẹ irin wà níbẹ̀, èyí tó ń rú èéfín wà níbẹ̀, èyí tí omi ò gbọ́dọ̀ fojú kàn wà níbẹ̀, kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí. Àfi èyí tó dára jù. Bẹnsalidiháìdì! Tí ahọ́n yín kọ̀ jálẹ̀ láti pè, tí ẹ fi sọ ọ́ ní Ọ̀tá Afẹ́fẹ́, tí orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ọ̀gá náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan sínú ìwé tí wọ́n fi ń ra ọjà, tí àwọn tó ń tà á fi pè wá pé àwọn ò ní irú ẹ̀ nílé ìtajà àwọn. Ẹ rántí? Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi dì mọ́ ògiri.

Ó tàn mí jẹ ni, ẹ̀gbọ́n. Ó mọ́ lójú bí omi, bó bá pẹ́ díẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró. Ó ń ta sánsán bíi kóró álímọ́ńdì, bíi bisikíìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó fi imú gbo mí lára. Ta ni yóò gbóòórùn nǹkan báyìí tí yóò rò pé ó ní nǹkan burúkú kan nínú? Ẹ̀kán kan péré ló ń wọ inú kéèkì tí àwọn èèyàn ń jẹ tí wọ́n ń ní "háà, èso wà nínú èyí o", kò séso kankan níbẹ̀, òun ni! Ọṣẹ tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀, òun ló ń ta sánsán níbẹ̀. Àwọn tó ń po aró ń rà á lọ́wọ́ wa, àwọn tó ń ṣe oògùn ń rà á, torí òun ni wọ́n ń mú bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di nǹkan míì. Nǹkan tó wúlò báyẹn!

Àmọ́ kò lè rí afẹ́fẹ́ sójú. Ẹ̀yin lẹ rí i kí n tó rí i, ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án, ṣe ló ń yí pa dà díẹ̀díẹ̀ sí ásíìdì, á máa yọ funfun yípo ẹnu ìgò bí iyọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgò dúdú la ń bù ú sí, kíkún ni, kí àyè má ṣẹ́ kù lókè, ibi tó tutù tí oòrùn ò dé, tó jìnnà síná, tó jìnnà sí àwọn ìgò tó ń ran iná lọ́wọ́. Bí a bá sì ṣí i, a ó fẹ́ náítírójìn sí i lẹ́nu kí a tó dé e pa, kí náítírójìn lé afẹ́fẹ́ jáde, ká wá kọ ọjọ́ tí a ṣí i sára ẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn! Kí ni wọ́n kọ sára báàjì mi? Ìpamọ́. Ẹ ò lè kà á, àmọ́ mo ti kà á fún yín rí, ẹ ní orúkọ náà dára, ẹ ní ó dà bí orúkọ ọmọ.

Ẹ̀hẹ́n. Sìlíńdà náítírójìn tán. Mo ti sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ yẹn ló tán, ẹ ò mọ ìyẹn, àbí? Ẹ ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó yẹ kí n kọ fọ́ọ̀mù, kí n gbé e lọ fún akọ̀wé tó ń ra ọjà, àmọ́ akọ̀wé yẹn ti sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ẹnu ọ̀nà yàrá kẹ́míkà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà mí mọ́, mo wá búra pé mi ò ní fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì ẹ̀ títí á fi wá bẹ̀ mí. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ba ayé jẹ́! Wọ́n ní mo sanra! Torí wọ́n ní mo sanra ni ọwọ́ yín ṣe wà báyẹn! Ẹ má rẹ́rìn-ín, kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń ṣí ìgò tí mò ń dé e láìsí náítírójìn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn, nǹkan funfun yẹn wá dì mọ́ ọmọrí ìgò lẹ́nu, ó le koránkorán. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ mọ̀ pé nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń wò ni ẹnu ìgò. Mo ní kí n yára nù ún kí wọ́n tó dé. Mo fi aṣọ wé ọmọrí náà, mo lọ́ ọ, kò lọ́, mo tún lọ́ ọ, ó ta jáde wàì, ìgò yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó dà sórí tábìlì, ó ṣàn dé ilẹ̀. Mo bá pè yín, ẹ̀yin agbálẹ̀ wa. Ta ni mi ò bá pè? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ tí mo fọ́ ife gíláàsì mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ta ló gbá àfọ́kù ẹ̀ tó fi ìwé ìròyìn wé e kí ọ̀gá tó wọlé? Ẹ̀yin náà ni. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń bá mi bo nǹkan.

Ẹ wá. Ẹ ò bi mí pé kí ló dé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àkísà, ẹ kó épúróònù àtijọ́, ẹ nù ún láti etí wá sáàárín bí ẹ ṣe máa ń ṣe kó má bàa tàn ká. Ilẹ̀ dán. Bí ẹ ṣe dìde báyìí, tí ẹ kó àwọn àkísà tó tutù yẹn dání, ni mọ́tò àwọn alábẹ̀wò fọn fèrè ní géètì.

Ẹ wá bi mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí ló ń dùn mí. Ẹ bi mí! Ẹ ní, "Oníkọ́kọ́rọ́, ṣé kí n lọ rẹ ẹ́ sómi?" Ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí, tí kò lè ka ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn, ó mọ̀ ọ́n! Ẹ mọ̀ pé a kì í ká àkísà tó mu nǹkan yẹn jọ lásán, pé bó bá wà ní kíká, afẹ́fẹ́ á máa bá a jà nínú aṣọ, á máa gbóná, ooru ò ní ríbi jáde, títí á fi di iná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Omi ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn án, kó tó wọ garawa onídèérí. Àmọ́ garawa onídèérí wà níta, lẹ́bàá géètì, níbi tí àwọn alábẹ̀wò ti ń sọ̀ kalẹ̀! Bí ẹ bá gbé e kọjá níwájú wọn, òórùn yẹn á dé imú wọn, wọ́n á ní kí ló dà nù, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká rí ìgò, wọ́n á ní sìlíńdà ńkọ́. Ni mo bá na ọwọ́ sí yàrá ìgbálẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà pa á mọ́!"

Ẹ tún bi mí! Ẹ ní, "Láìrẹ ẹ́?" Mo pariwo mọ́ yín. Mo ní, "Ẹ ṣáà pa á mọ́ ná!" Èmi tí mo kéré sí yín ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ wò mí, ẹ lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú páálí nísàlẹ̀ àwọn aṣọ gbígbẹ, nínú yàrá kékeré tí páìpù omi gbígbóná gba inú ẹ̀ kọjá. Ṣebí ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyẹn? Ẹ ò fi nǹkan kan kún un, ẹ ò yọ nǹkan kan kúrò.

Háà, ẹ jẹ́ n mí.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sọ fún ọkọ mi. Mo gbóòórùn ẹ̀. Kí ẹ tó pariwo iná, mo ti gbóòórùn ẹ̀. Mo dúró níwájú àwọn alábẹ̀wò, mo gbé àwo bisikíìtì lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti tó wákàtí méjì tí wọ́n dé, ọkùnrin onígíláàsì yẹn ti fa bíírò yọ, ó fẹ́ fọwọ́ sí i pé gbogbo nǹkan dára. Òórùn aṣọ tó ń jó rọra wọlé. Mo mọ̀ ọ́n. Inú mi sọ fún mi pé, iná rèé o. Mo ní kó fọwọ́ sí i tán ná. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, èmi fi iná sórí òrùlé, mo ń pín bisikíìtì. Ó tó ìṣẹ́jú kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú yẹn ni mo ń rí ní gbogbo ìgbà tí mo bá di ojú.

Ẹ̀yin lẹ kò dúró. Ẹ ṣílẹ̀kùn, iná ti gba ẹnu páálí, ẹ sì mọ̀ pé ògiri pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá ìgbálẹ̀ àti gbogbo ìgò mi. Gbogbo ìgò mi! Bó bá wọlé níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnikẹ́ni á ṣẹ́ kù nínú ilé yẹn tí yóò wá máa ṣe ìgbìmọ̀? Ẹ fi ọwọ́ lásán gbá páálí yẹn mú, ẹ wọ́ ọ gba ọ̀ọ̀dẹ̀ dé ìta, ẹ ò jù ú sílẹ̀ títí ẹ fi dé orí kọnkéré. Mo rí i. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, mo sì rí i.

Wọ́n wá pè wá síwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá láàárín, ẹnì kan lọ́tùn-ún, ẹnì kan lósì. Kí ni ọ̀gá bi mí? Ó ní, "Oníkọ́kọ́rọ́, nígbà tí wọ́n nu kẹ́míkà yẹn tán, kí lo ní kí obìnrin yìí fi àkísà ṣe?" Mo ní, "Mo ní kí wọ́n pa á mọ́, sà." Ṣé irọ́ ni? Ẹ gbé Bíbélì wá, ẹ gbé Kùránì wá, màá gbé ọwọ́ lé e! Ohun tí mo sọ nìyẹn! Ọ̀gá wá ṣí ìwé ìlànà, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́, ó kà á sókè: "Pípa àkísà mọ́: rẹ ẹ́ sómi, gbé e sínú garawa onídèérí, gbé garawa síta." Ó gbójú sókè, ó ní, "Ohun tó o ní kó ṣe nìyí?"

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn! Ọ̀rọ̀ kan náà! Nínú ìwé wọn, ká pa nǹkan mọ́ ni ká tọ́jú ẹ̀. Lẹ́nu tèmi lọ́jọ́ yẹn, ká pa á mọ́ ni kójú ẹnikẹ́ni má rí i. Ohùn kan náà, àmì kan náà, kò sí bí ọ̀gá ṣe lè mọ èyí tí mo sọ. Èmi mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀. Mo kàn mi orí ni, ẹ̀gbọ́n. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí alángbá. Wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n pàṣẹ fún yín, ẹ kọ etí ikún.

Ó ku oṣù márùn-ún kí ẹ fẹ̀yìn tì! Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ fi sìn wọ́n! Oṣù márùn-ún sí i, wọ́n á fi ọ̀wọ̀ sìn yín jáde, ẹ ó lọ jókòó ti àwọn ọmọ ọmọ yín, ẹ ó máa jẹun ìfẹ̀yìntì yín. Ìwé tí ọ̀gá fẹ́ fọwọ́ sí láago mẹ́rin òní yìí, ìwé ìléni ni. Ẹni tí wọ́n bá lé, kò ní nǹkan kan láti gbà, kì í ṣe ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ta ló wá bá yín fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ kẹta? Wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ka, ẹ na ọwọ́, báńdéèjì ti bò ó látòkè délẹ̀, kò síka tí wọ́n lè rí tẹ̀. Ọ̀gá ní kí ẹnì kan tó mọ̀ yín dáadáa bá yín fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo mú bíírò! Ìyá Afínjú, mo mú bíírò, mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ yín pé ẹ gbà pé bó ṣe rí nìyẹn!

Ẹ wá jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò mí ń kọ ọ́!

Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀? Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá la ẹnu pé, "Ó ní kí n gbé e pamọ́ fún ojú àwọn àlejò ni," ó tán, èmi ni wọn ì bá lé, ì bá dùn mí, màá sunkún, màá bú yín, màá wá lọ sílé lọ sùn. Mo ti rò ó títí. Lọ́jọ́ kìíní mo ní ẹ ń ṣàánú àwọn ọmọ mi ni. Lọ́jọ́ kejì mo ní rárá, ìyá yìí gbọ́n, ó fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pa mí ni, ó fẹ́ kí n máa rí òun lójú oorun títí màá fi dàgbà. Mo wá bínú sí yín! Mo ní ta ló ní kó fi oore ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe mí? Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ẹnì kan ò kàn lè máa dára báyẹn sí ọmọ èèyàn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀! Ó ti gbé ẹrù lé mi lórí, kò sì sí ní tòsí kó bá mi sọ̀. Ìdí tí mo fi ní ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí nìyẹn. Ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pè mí ní ẹran. Ẹ ní ilé ayé mi á…

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ.

Kò sẹ́ni tó bi yín.

Báwo ni kò ṣe sẹ́ni tó bi yín? Wọ́n pè yín wọlé. Mo rí yín, ẹ jókòó sórí àga kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọ̀gá bi mí, ó ka ìwé, wọ́n kọ tiwọn, wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ka… Dúró ná. Dúró ná. Ọ̀gá bi mí. Ẹni ọwọ́ ọ̀tún bi mí nípa páìpù. Ẹni ọwọ́ òsì bi mí, ó ní ṣé ìyá yìí máa ń gbọ́ràn. Èmi ni wọ́n bi! Ẹ wà níbẹ̀, ó wá bi èmi!

Kò sẹ́ni tó bi yín nǹkan kan. Ọlọ́run mi o.

Ẹ ò ṣàánú mi. Ẹ ò sì bá mi ṣọ̀tá. Ẹ jókòó, ẹ ń dúró kó kàn yín. Ẹ ń dúró! Ẹ rò pé nígbà tí àwọn tó kàwé bá sọ tiwọn tán, ẹnì kan á ní, "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?" Ẹ ti tọ́jú ọ̀rọ̀ yín sẹ́nu. Àmọ́ wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní ó tó, ẹ bá kí mi pé ó dàárọ̀. Èmi sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án bá yín jà nínú ọkàn mi nítorí oore tí ẹ ò ṣe. Ha! Ẹ wò mí. Ẹ wo ọ̀dọ̀fin àwọn òmùgọ̀. Ha-ha! Rárá, mi ò sunkún, ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín ni mo ní, ẹ fi mí sílẹ̀.

Aago mélòó ló lù? Mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀gá ò tíì dé láti ibi tó ti lọ jẹun, ìwé yẹn ṣì wà lórí tábìlì ẹ̀, mo rí i kí n tó jáde, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ dìde. Ẹ ní kí ni? Kò kàn mí bí wọ́n bá lé mi. Irọ́ ni, ó kàn mí, ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ ẹ dìde. Màá sọ ti sìlíńdà, màá sọ ti garawa, màá sọ ti bisikíìtì. Màá sọ pé ọwọ́ mi ló wà nídìí orúkọ yín. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n bá tún fẹ́ pa ìwé dé, èmi ni màá gbá a mú lọ́wọ́ wọn. Màá ní wọn ò tíì gbọ́ tẹnì kan. Màá ní ẹ bi ìyá yìí. Ẹ bi í lójú mi.

Bàtà yín dà? Ẹ jókòó, ẹ ò lè so okùn ẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ wá. Ẹ gbé e wá jàre, kí ni ẹ ń tijú sí, àbúrò yín kọ́ ni mí? Ẹsẹ̀ kejì. Ta ló ń so ó fún yín láti ọjọ́ yìí? Ta ló ń fún yín lóúnjẹ? Aládùúgbò. Aládùúgbò ló ń fún yín lóúnjẹ, èmi ń bá ìkòkò jà ní kíṣìnnì.

Ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tí mo ti wọlé, ẹ̀yin ni mò ń pariwo mọ́, mi ò tíì bi yín ní ohun kan ṣoṣo. Mo bá wọn ṣe é. Àwọn mẹ́ta yẹn àti èmi, ìkan náà ni wá. Ẹ jẹ́ n bi yín báyìí, ẹ má fi dídùn dá mi lóhùn. Ọwọ́ yín, ṣé ó ń dùn yín?

Ẹ pariwo ẹ̀ sí i. Mo ní kí ẹ pariwo ẹ̀ sí i.

Ẹ̀hẹ́n. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ ká lọ.